Àwọn Dókítà Tí Kò Jẹ Mọ́ínmọ́ín Wa

Nígbà tí omi kànga mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀, inú wa dùn. N kò ní purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fọṣọ nílé mi á da omi sínú báàfù, kò tíì fi ọṣẹ kàn án, ìfófó á ti máa yọ funfun lójú omi. A ní Ọlọ́run ló rí wa. Ọṣẹ ti gbówó lórí lọ́jà, Ó wá fi ọṣẹ sí kànga fún wa. Ìyá Ẹgbẹ́ pàápàá, tí kì í yà sílé ẹni lásán, bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù aṣọ rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwa obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ládùúgbò wa. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù mí lọ lẹ́nu.

Kabala Costain ni mò ń gbé, ní Kàdúná, nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Àwọn yàrá ilé náà dojú kọ ara wọn, ayálégbé wà nínú wọn, èmi wà ní yàrá iwájú níbi tí mo ti ń ta ẹ̀wà àti gàárì. Kànga yẹn ló ń mú àwọn ayálégbé jókòó. Àwọn ilé kan wà ládùúgbò tí páànù wọn ń dán ju tèmi lọ, àmọ́ wọn ò ní omi. Bí ọkọ mi ṣe ń gbẹ́ kànga náà ló ń sọ fún mi pé ilé tó bá ní omi kì í ṣófo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni mo gbọ́kàn lé nígbà tí kò sí mọ́.

Ẹ̀yìn ògiri mi gan-an ni yáàdì àgbá wà. Alhaji kan ló ni ín. Ó máa ń ra òfìfo àgbá lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, àwọn èyí tí wọ́n fi kó kẹ́míkà wá, ti ọ̀dà ni o, ti aró aṣọ ni o, tàbí ti ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á fọ̀ wọ́n, wọ́n á kùn wọ́n, wọ́n á tà wọ́n fún elépo àti fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú omi sílé. Omi tí wọ́n fi fọ àgbá náà ń ṣàn gba abẹ́ ògiri wọ ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó ro ìyẹn mọ́ ìfófó. Omi ń hó, àwa ń yọ̀.

Ayọ̀ náà kò dalẹ́. Aṣọ tí a fọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ìró Ìyá Ẹgbẹ́ tó jẹ́ àwọ̀ ewé wá di àwọ̀ kan tí kò lórúkọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í korò nídìí ahọ́n, àwọn ọmọ inú ilé ń họ ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ayálégbé mi kan kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó ní òun ò bá mi jà o, omi ló lé òun. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó, tí mo rò ó dáadáa, tí mo mọ̀ pé bí yáàdì yẹn kò bá lọ, èmi nìkan ni yóò kù nínú ilé náà, èmi àti kànga tí kò wúlò.

A lọ bá Alhaji. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún wa. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọjà, a sì ń dá a lóhùn ní Hausa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a sọ ti omi, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dópin, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun gan-an, ó wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní àgbá kan lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́. A yí àgbá wa lọ sílé, a ń kọrin. Ìgbà tí a délé, tí Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó lórí tirẹ̀ láti sinmi, ló tó sọ pé, "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ṣé ohun tí a lọ bá ọkùnrin yẹn fún nìyí?"

Rédíò ló gbà wá. Wọ́n ní ministírì tó ń rí sí àyíká fẹ́ ṣe òfin tuntun nípa ibi tí irú yáàdì bẹ́ẹ̀ lè wà, àti ibi tí wọ́n lè da omi kẹ́míkà sí. Wọn ò sì fẹ́ fi ìméfò ṣe é. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà, láti yunifásítì oríṣiríṣi, tí wọ́n kó ara wọn jọ. Wọn kì í ṣe ti ìjọba, wọn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn ni yóò yẹ omi àti ilẹ̀ wò káàkiri ìlú, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá rí fún àwọn tó ń ṣòfin, àwọn yẹn á sì gbé òfin wọn lé e lórí. Mo gbé etí lé rédíò náà títí bátìrì fi fẹ́ kú. Bí wọ́n bá rí ohun tí a ń rí, yáàdì á lọ. Bí wọn ò bá rí i, Alhaji á máa fọ àgbá rẹ̀ nìṣó, ìwé ìjọba á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni yìí kò yé Ìyá Ẹgbẹ́. Ó bi mí pé ta ló wá ń bọ́ wọn. Mo ní mo gbọ́ pé olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì, pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe èyí. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó bá ń rìn nínú oòrùn Kàdúná kiri kòtò omi láìgba nǹkan kan, ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú. Ó ní kí a dáná.

A dáná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ ládùúgbò wa, Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iyọ̀ rẹ̀. Èmi fi ìrẹsì ro tùwó shinkafa, mo se ọbẹ̀ elégédé tí àwọn Hausa ń pè ní taushe, mo fi ẹran sí i dáadáa. A po sóbò tó ní atalẹ̀, a fi yìnyín sí i. Òórùn oúnjẹ náà gba gbogbo òpópónà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yáàdì ń yọjú lórí ògiri, wọ́n ń béèrè bóyá ẹnì kan ń gbéyàwó.

Àwọn onímọ̀ náà dé nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan tí a bá wọn tì kó tó wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkùnrin tínrín kan tó wọ dígí wà nínú wọn, ọkùnrin gíga kan tó wọ bàtà òjò lọ́gbẹlẹ̀ wà níbẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà ló sì jẹ́ olórí wọn. Obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó rí wa, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú eruku. Ọmọ Ìlọrin ni. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa." Ìyá Ẹgbẹ́ fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ ń sọ fún mi pé ẹjọ́ ti parí, pé ọmọ wa ni wọ́n rán sí wa.

A ṣí abọ́. Oorú mọ́ínmọ́ín gbéra, ó kọjá lójú gbogbo wọn. Mo rí i tí ọ̀nà ọ̀fun ọkùnrin tínrín yẹn lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀. Dókítà obìnrin náà tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. A ò ní lè jẹ ẹ́."

Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Ẹ ti jẹun ni?"

"Rárá, mà. Ebi ń pa wá. Àmọ́ òfin tí a fi de ara wa ni pé a kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn. Bí a bá jẹ tiyín, àfi ká jẹ ti Alhaji náà."

"Ẹ jẹ ti Alhaji náà," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ èyí tó dùn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jẹ. Wọn ò mu sóbò. Wọn ò mu omi. Nígbà tí ebi wá kàn wọ́n lára, wọ́n wọ inú ọkọ̀ wọn lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà nínú ooru yẹn, òógùn ń ro kalẹ̀ lágbárí wọn. Àwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wò wọ́n láti ojú dígí. Ìyá Ẹgbẹ́ káwọ́ lérí. Ó ń bi mí ṣáá pé ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ báyẹn, ta ló bà á jẹ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ o, n kò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ọkùnrin gíga gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ka erùpẹ̀ sínú ọ̀rá bí ẹni ń ka gúgúrú. Tínrín ń wọn ilẹ̀ láti yáàdì dé kànga, láti kànga dé ẹ̀yìnkùlé mi. Ó wọn ibi tí mo rò pé kò kàn án rárá. Kí wọ́n tó lọ, Dókítà kó àwọn ìgò aláwọ̀ dúdú kan jáde, ó pín wọn fún àwa tí a ní kànga. Ó ní omi tí àwọn fẹ́ ni èyí tí a bá fà ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó da kànga rú, àti pé ọ̀nà jìn sí ibi tí àwọn wọ̀ sí. Kí a bá àwọn bù ú sínú ìgò, kí a dé e pa, àwọn á yà gbà á láàárọ̀. Ó fi bí a ó ṣe bù ú hàn wá. Ó fi bí a ó ṣe dé e hàn wá. Ohun kan ṣoṣo tí kò sọ ni ohun tí kò lè ronú kàn pé ó yẹ ní sísọ.

Nírọ̀lẹ́, àwa onígò pàdé nílé mi. Mo gbé ìgò mi sọ́wọ́, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, pé omi kànga wa ti dọ̀tí, ó ń hó, ìdọ̀tí tínrín tínrín ń léfòó lójú rẹ̀. Ṣé irú èyí ni ká bù fún dókítà? Ìyá Ẹgbẹ́ ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ oúnjẹ wa, bí a bá tún gbé omi ẹlẹ́gbin lé wọn lọ́wọ́, kí ni wọ́n á máa pè wá ní Ìlọrin. Gbogbo wa gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, a kì í ṣe òpè. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn. Láti kékeré, bí àlejò bá béèrè omi, wàá wo inú ife, wàá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá tọ́ ọ wò lójú rẹ̀ kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kó o tó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Nítorí náà ní kùtùkùtù, a fa omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn náà a fi álọ́ọ̀mù sí i, a jẹ́ kó silẹ̀. A fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. A gbé e kaná, a sè é, a jẹ́ kó tutù. Ìyá Ẹgbẹ́ rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó tọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan wò, ó ní ó dára. A nu àwọn ìgò náà títí wọ́n fi ń dán, a tò wọ́n sórí àwo pẹrẹsẹ tí a tẹ́ aṣọ sí. Obìnrin kan fẹ́ ju yìnyín sí tirẹ̀, a ní rárá, ìyẹn ti ń di àṣejù.

Tínrín ló wá gbà wọ́n. Ó gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó bojú wò wá, ó tún wò ó. Ó dúpẹ́. Àwa náà ní kò tópẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Dókítà tó padà wá, òun nìkan. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀wà, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn rí nínú omi wa ya àwọn lẹ́nu, pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Kàdúná, pé ó mọ́ ju omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ. Orí mi wú.

Mo ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. A ṣe é dáadáa ni."

Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ṣe é báwo, mà?"

Mo bá sọ fún un. N kò fi nǹkan kan pamọ́, mo ti ń rò ó pé yóò fẹ́ gba ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ lọ sílé. Mo sọ ti álọ́ọ̀mù, mo sọ ti aṣọ funfun, mo sọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Nígbà tí mo dé ibi tí Ìyá Ẹgbẹ́ ti ń tọ́ ọ wò, èjìká Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà gbé e kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìbòrí rẹ̀ bọ́ sínú gàárì. Nígbà tí mo rí i báyẹn, èmi náà ò mọ ìgbà tí mo di àpò ẹ̀wà mú, tí mo ń rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo nu ojú, mo bi í pé kí là ń rín ná.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ohun tó bá wà nínú ìgò ni ohun tí wọ́n á fi ṣòfin. Bí àbájáde yẹn bá dé ministírì báyẹn, Alhaji á gbé e há sínú férémù, á gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo rí kànga mi, mo rí àwọn yàrá òfìfo. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní kí n má dààmú, pé ìdí gan-an tí àwọn fi máa ń padà wá béèrè nìyẹn nígbà tí ohun tí àwọn bá rí kò bá jọra. Ó ní àwọn á tún un bù, òun fúnra òun ni yóò sì bù ú lọ́tẹ̀ yìí, bẹ̀rẹ̀ láti kànga tèmi.

Ẹ wo àwa obìnrin bí a ṣe tò yí kànga ká láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà fa omi bó ṣe wà, pẹ̀lú ìfófó rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀, ó dà á sínú ìgò. Nǹkan kan ń yí nínú rẹ̀ bí irun. Mo na aṣọ sí i kí n bá a nu ẹnu ìgò lásán, ó gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ẹni gbá ọwọ́ ọmọdé. Ìyá Ẹgbẹ́ ò lè wò ó. Ó kọjú sí ògiri, ó ń bẹ àwọn tó bí Dókítà ní Ìlọrin pé kí wọ́n foríjì wá.

Ọjọ́ ìjókòó wá pé, tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin náà máa gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Gbọ̀ngàn ministírì tutù bí inú fíríìjì, àwa sì ti wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Alhaji wà níbẹ̀, ó dìde kí wa, ó béèrè bóyá àgbá tí òun fún wa ṣì ń dára. Lọ́yà rẹ̀ jókòó tì í, kóòtù rẹ̀ ń dán. Obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Hajiya ni alága ìjókòó, ìbòrí rẹ̀ dé ìgbáròkó, ohùn rẹ̀ kò sókè, síbẹ̀ tó bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo ẹnu á pa.

Dókítà ka ohun tí wọ́n rí. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń tún un sọ ní Hausa kí àwa náà lè gbọ́. Ó ní omi tí wọ́n fi ń fọ àgbá ti wọ inú ilẹ̀, ó ti dé inú kànga wa, ó sì ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Mo nà ró lórí àga bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ń wò ó bíi kí n dìde kí n máa ṣàfihàn ara mi pé tèmi ni kànga yẹn.

Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Ó ní kànga tó sún mọ́ yáàdì jù lọ tún ní ohun mìíràn nínú tí kì í ṣe ti Alhaji. Ṣáláńgá ilé náà sún mọ́ kànga jù, ohun tó wà nínú ṣáláńgá sì ti ń bá omi náà pàdé. Ó fi Hausa tó gbayì sọ ọ́, àmọ́ kò sí èdè tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn. Mo ti rò pé tiwa ni àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé nígbà tí wọ́n ní àwọn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, èmi náà wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn. Mo gbọ́ tí ọrùn Ìyá Ẹgbẹ́ ń yí bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti gbẹ́ kànga náà ló ti ń mu omi rẹ̀. N kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń wò.

Inú lọ́yà dùn. Ó dìde, ó tún kóòtù ṣe, ó ní gbogbo ìgbìmọ̀ ti gbọ́ pé àwọn obìnrin náà ló ń ba omi ara wọn jẹ́. Ó ní ìgò àkọ́kọ́ dà, tí òun gbọ́ pé ó mọ́ gaara? Dókítà ní ó wà nínú ìwé, ó sì ka ibẹ̀, bí a ṣe sẹ́ omi, tí a sè é, tí a tọ́ ọ wò nítorí pé a kì í gbé omi dídọ̀tí fún àlejò. Gbogbo gbọ̀ngàn rọ́ sẹ́rìn-ín. Hajiya bọ́ dígí rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì pẹ́ kó tó nù ún tán.

Lọ́yà dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rọ̀ gidi kalẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ yìí wá, àwọn obìnrin yìí se oúnjẹ ní ilé yẹn, oúnjẹ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yáàdì, ẹlẹ́rìí wà. Ó ní ẹni tó bá jẹun lọ́wọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni yóò sọ. Bí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ àwọn obìnrin yìí, kí ìgbìmọ̀ da ìwé wọn nù. Hajiya bi Dókítà. Dókítà ní àwọn ò jẹ ẹ́. Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí gbogbo wa.

"Ọmọ Yorùbá," ló wí. "Àwọn ìyá rẹ̀ se oúnjẹ, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀, ó ní òun ò jẹ. Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́?"

Ká sòótọ́, bí kì í bá ṣe pé mo wà níbẹ̀, èmi náà ò ní gbà á gbọ́. Hajiya ti mú bíírò rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ dìde. Wọn ò pè é. Hausa tó ń sọ, Hausa ọjà ni, àmọ́ ó dún dé gbogbo igun. Ó ní, "Hajiya, ẹ dákun, èmi ni inú ń bí jù níbí. Mo lọ ẹ̀wà, mo fi ẹyin sí i, mo fi ẹja sí i. Kò jẹ ẹ́. Mo ní kó mu sóbò. Kò mu ún. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ bí ẹni tí kò níyàá. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹni tí n óò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ìjọba bá lè bá mi bá a wí, ẹ bá a wí. Ọkùnrin yìí wá ń sọ pé ó jẹ ẹ́. Nígbà wo? Ta ló bù ú fún un? Ẹ mú ẹni náà wá kí n rí ojú rẹ̀."

Ó mí. Ó wá yíjú sí Dókítà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Omi tí mo ní kí o mu, tí o kọ̀, ìyẹn nìkan ni mo dárí ẹ̀ jì ọ́." Ó sì fi ojú wò mí.

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Tínrín bo ojú mọ́lẹ̀ sórí tábìlì. Alhaji ṣí fìlà, ó fi ń nu omi ojú, ó ń wí fún lọ́yà rẹ̀ ní Hausa pé kó jókòó, kó jókòó. Lọ́yà jókòó. Hajiya kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní àwọn ti gba ẹ̀rí náà.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, Ìyá Ẹgbẹ́ sún lọ sí igun. Ó fi báàgì sáàárín wa. A kọjá orí afárá. Nígbà tó yá ló bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Gbogbo ọdún yẹn?" Mo ní ẹ jẹ́ ká má kà á. Ó wo ìta díẹ̀, ó fẹ́ mú ojú le, ẹnu rẹ̀ takò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú, a ń lu ara wa lẹ́yìn títí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi dẹ eré, tó ń béèrè bóyá kó gbé wa lọ sí ọsibítù.

Òfin náà jáde. Yáàdì àgbá kẹ́míkà ò gbọ́dọ̀ sí láàárín ilé mọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ da omi rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kànga mi náà pa, wọ́n jó irin bo ẹnu rẹ̀, mo sì dúró tì í títí wọ́n fi jó o tán. Ó dùn mí. Àmọ́ Dókítà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé bí wọ́n bá ti kànga, kí wọ́n wá omi mìíràn fún wa, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ omi sí òkè òpópónà, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo gbé ṣáláńgá kúrò níbi tó wà. Ayálégbé tó kó lọ tún wá béèrè yàrá rẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ gbá a.

Alhaji wá dágbére kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àgbá lọ, ó kí wa bó ṣe máa ń kí wa. Ilẹ̀ yáàdì ṣófo fún ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan wá gbin àgbàdo sí i. Ẹ bá mi wo àgbàdo. Ó ga, ó dúdú, ọmọ rẹ̀ tóbi tó apá mi. Mo pe Dókítà lórí fóònù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì jẹ ẹ́, àwọn á wá gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo sọ fún ọkùnrin náà, ó gbà, ó fi í sílẹ̀ lórí ìdúró. Wọ́n ti wá gé e. Èsì kò tíì dé. Lánàá mo ra àgbàdo tí wọ́n kó wá láti oko, mo sun ún, mo gbé àga síta, mo jókòó níwájú àgbàdo yáàdì yẹn, mo sì jẹ tèmi lójú rẹ̀.